Ogun Tí Yẹ̀kínì Bá Àwọn Ẹja Onírùngbọ̀n Jà

Ní àwọn ọdún wọ̀nyẹn, tí táyà tirela bá jò ní Liverpool Road, ọ̀dọ̀ Yẹ̀kínì ni wọ́n máa ń júwe fún dírẹ́bà. Ṣùgbọ́n tí táyà náà bá lọ jò lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, kí dírẹ́bà yáa wá ibi tẹ́ẹ́rẹ́ fẹ̀yìn lélẹ̀ sí. Yẹ̀kínì ti lọ sétí omi. Orí ògbólógbòó ríìmù ló máa ń jókòó sí níbẹ̀, ọ̀pá ìwọ̀ á wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹnu rẹ̀ ò sì ní dákẹ́. Bí ẹja bá fẹ́ràn ariwo ni, òun nìkan ni ì bá kó gbogbo ẹja Èkó tán.

Ọmọ Ìsẹ́yìn ni. Àpápá ló ti kọ́ iṣẹ́ táyà lílẹ̀, Ajégúnlẹ̀ ló ti fẹ́ Àmínát, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti bí Hussainat àti àwọn àbúrò rẹ̀. Síbẹ̀ tí ẹ bá bi í léèrè ohun tí Èkó fún un, kò ní dárúkọ iṣẹ́, kò ní dárúkọ ìyàwó. Adágún Fáṣínà ni yóò sọ. Àmínát mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ti kìlọ̀ fún un tipẹ́ pé lọ́jọ́ tí òun bá kú, kó jọ̀ọ́, kó gbìyànjú kó dé láti etí omi kí wọ́n tó sin òun tán.

Ẹ̀yìn Ajégúnlẹ̀ ni adágún náà wà, níbi tí ilẹ̀ ti ń rọ̀ lọ sí ọ̀sà. Ìdílé Bàbá Fáṣínà ló ni ín, àwọn tó ti ń gbé ibẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó mọ ohun tó ń jẹ́ Ajégúnlẹ̀. Kò tóbi rárá. Ẹni tí apá rẹ̀ le lè ju òkúta sọdá rẹ̀. Omi gbígbóná láti ilé iṣẹ́ kan máa ń gba gọ́tà ṣàn wọ inú rẹ̀, ìyẹn ni kì í jẹ́ kó tutù. Ó máa ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ kódà nínú ọyẹ́. Yẹ̀kínì ní Ọlọ́run mọ̀ pé òun kórìíra omi tútù, ló fi ṣe é bẹ́ẹ̀ fún àwọn ẹja òun. Bó ṣe máa ń sọ ọ́ nìyẹn, "àwọn ẹja mi", bí ẹni pé òun ló sọ wọ́n lórúkọ.

Òfin Bàbá Fáṣínà ò pọ̀. Àwọ̀n ò gbọdọ̀ wọ omi náà, ìwọ̀ nìkan ni. Tí wọ́n bá ti ta màrìwò sójú omi, kí kálukú gbé ọ̀pá rẹ̀ sílé títí wọ́n á fi já a. Èyí tó sì le jù ni pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ da ohunkóhun sínú omi láìjẹ́ pé ìdílé gbọ́ sí i.

Ẹja ibẹ̀ ò dọ́gba lọ́dọọdún, ohun tó sì máa ń dá ìjà sílẹ̀ nìyẹn. Lọ́dún kan, ẹpìyà ibẹ̀ á fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ àgbàlagbà lọ. Lọ́dún mìíràn, á kéré débi pé ológbò á kọ́kọ́ wo ojú ẹni tó jù ú sí òun, bóyá ó ń ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Kálukú ló ní àlàyé tirẹ̀. Àwọn kan ní òjò ni. Ese, obìnrin tó ń ta pẹpẹsúùpù lójú ọ̀nà, ní àwọn ọkùnrin tó ń tọ̀ sí omi náà ló ń bà á jẹ́, ó sì máa ń dárúkọ wọn níkọ̀ọ̀kan. Dírẹ́bà kan wà tó ní ìjọba ológun ni, pé láti ọjọ́ tí wọ́n ti dé, ohun ńlá kankan ò tún dúró ní orílẹ̀-èdè yìí mọ́. Yẹ̀kínì gba ìyẹn gbọ́ fún odidi oṣù kan.

Tonbra nìkan ni kì í sọ nǹkan kan. Ọmọ ẹ̀yà Ìjọ́ ni, ṣùgbọ́n Ajégúnlẹ̀ ni wọ́n bí i sí, káfíńtà ọkọ̀ ojú omi sì ni lọ́hùn-ún ní Snake Island. Ó ga, ó dúdú, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló máa ń jáde lẹ́nu rẹ̀ ní wákàtí kan. Òun ni Yẹ̀kínì máa ń jókòó tì. Dúróòmù kan ni àwọn méjèèjì jọ rì sétí omi, inú rẹ̀ ni ẹja wọn máa ń wà láàyè títí ilẹ̀ á fi ṣú. Kí ìjà má baà wáyé, abẹ kan wà níbẹ̀: tí Yẹ̀kínì bá pa ẹja, á gé ìrù rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan; tí Tonbra bá pa tirẹ̀, á gé e lẹ́ẹ̀mejì. Tonbra ló dá a sílẹ̀. Ó ní ẹnu Yẹ̀kínì ti pọ̀ ju tòun lọ, kí ẹja rẹ̀ má tún wá pọ̀ ju tòun lọ.

Ẹja kan ṣoṣo ni Yẹ̀kínì kórìíra, àrọ̀ ni. Àrọ̀ á gbé ìwọ̀ mì délẹ̀ ikùn, á já okùn, á sì lọ. Ó tún ní irùngbọ̀n. Bàbá Àmínát tó kọ̀ jálẹ̀ pé òun ò fi ọmọ òun fún alẹ̀táyà, irú irùngbọ̀n yẹn gan-an ló ní. Lọ́jọ́ kan ní ọdún 1987, Yẹ̀kínì ju àrọ̀ kan sínú dúróòmù, ẹja náà sì pọ àwọn ọmọ ẹpìyà wẹ́wẹ́ jáde lẹ́nu. Ńṣe ni Yẹ̀kínì fò sókè.

"Olè! Tonbra, wá wo olè! Àwọn tó ń kó ẹpìyà wa jẹ nìyí!"

"Leave am," ni Tonbra wí. "Iṣẹ́ tiẹ̀ ló ń ṣe."

"Iṣẹ́ wo? Ọlọ́pàá ni? Tí a bá kó gbogbo àwọn onírùngbọ̀n yìí kúrò, gbogbo ọmọ tí wọ́n ń jẹ yìí á dàgbà. Rò ó wò! Ẹpìyà á kún ibí débi pé a ò ní rí omi."

Tonbra rò ó wò. Ó mi orí, ó padà sídìí ìwọ̀ rẹ̀.

Báyìí ni ogun bẹ̀rẹ̀. Nígbà náà, àwọn oníbàárà Ese ti bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ àrọ̀ ààyè, kí wọ́n nawọ́ sí èyí tó wù wọ́n nínú agbada, kí wọ́n wá rí i nínú ìkòkò. Yẹ̀kínì ń kó àrọ̀ fún un tọ̀sán-tòru. Tí kò bá sí táyà lọ́wọ́ rẹ̀, etí omi ló wà. Nígbà tí ọdún fi máa yí po, ó jókòó fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ láìrí ẹyọ àrọ̀ kan. Ó kéde fún gbogbo Liverpool Road pé òun ti fọ omi náà mọ́, irùngbọ̀n kan ò kù níbẹ̀.

Ẹpìyà kún adágún lóòótọ́. Wọ́n pọ̀ bí èèrà. Ṣùgbọ́n bí ìka ọwọ́ ni wọ́n mọ, orí ńlá, ara tín-ín-rín. Yẹ̀kínì ní ọmọdé ni wọ́n, kí a fún wọn láyè. Ní ọdún kejì, wọ́n ṣì kéré, wọ́n tún gbẹ sí i. Àmínát dín àwokòtò kan, ó gbé e kalẹ̀ níwájú rẹ̀, ó ní, "Bàbá Hussainat, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹja lẹ pa àbí hóró àgbàdo?" Yẹ̀kínì ò rí ohun tó pa á lẹ́rìn-ín níbẹ̀. Inú bí i, ojú sì tì í, nítorí pé gbogbo ayé ló ti gbọ́ ìkéde rẹ̀. Ẹni tí ojú bá ń tì bẹ́ẹ̀, ẹlòmíràn tí yóò di ẹ̀bi rù ló máa ń wá.

Ó sì rí ẹlòmíràn. Láàárọ̀ kan, Àmínát lọ já ewé lẹ́bàá adágún, ó sì délé pẹ̀lú ìròyìn. Ó rí Tonbra tó gbé korobá, tó ń da nǹkan sínú omi díẹ̀díẹ̀, tó sì ń wo ẹ̀yìn bí ẹni tí kò fẹ́ kí wọ́n rí òun. Obìnrin náà ò ní nǹkan búburú lọ́kàn. Ìròyìn ló gbé délé, bí gbogbo èèyàn ṣe ń gbé e. Yẹ̀kínì ò mu omi kó tó dé ọ̀dọ̀ Bàbá Fáṣínà.

Bàbá ránṣẹ́ pe Tonbra. Gbogbo àwọn tó ń fi ìwọ̀ pẹja níbẹ̀ ló pé jọ sábẹ́ igi àgbọn.

"Kí lo dà sínú omi wa?" ni Bàbá bi í.

"Ẹja ni, sà," ni Tonbra dáhùn.

Yẹ̀kínì bú sẹ́rìn-ín, ó sì fi ẹ̀rín náà kó àwọn tó kù mọ́ra. "Ẹ gbọ́ o! Ẹja! Gbogbo ayé ń kó ẹja jáde nínú omi, Tonbra ní tòun ń kó o wọlé. Bàbá, ẹ bi í bóyá ó máa ń ru iyanrìn lọ sétí òkun náà. Ó ti fi nǹkan sí omi yìí ni, òun ló gé ẹja wa kúrú!"

Tonbra wo ojú rẹ̀. "Yẹ̀kínì, èmi àti ẹ?" Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Bàbá Fáṣínà ní bó bá jẹ́ ẹja, bó bá jẹ́ ìdin, òfin ni òfin. Kí Tonbra má dé etí omi náà mọ́. Tonbra gbé ọ̀pá ìwọ̀ rẹ̀, ó fi abẹ náà sílẹ̀ lórí dúróòmù, ó sì lọ.

Láti ọjọ́ yẹn, Yẹ̀kínì nìkan ló ń jókòó. Ó ń sọ̀rọ̀, kò rí ẹni tí yóò mi orí fún un. Kò jẹ́wọ́ fún ẹnikẹ́ni pé ó ń dun òun. Ṣùgbọ́n nígbà tí òjò ọdún tó tẹ̀ lé e dáwọ́ dúró, ẹpìyà bẹ̀rẹ̀ sí í tóbi. Wọn ò pọ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n wọ́n sanra, wọ́n fẹ̀, epo ń kán lára wọn lórí iná. Yẹ̀kínì rin Liverpool Road dé Wharf Road, ó ń sọ ọ́ fún ẹni tó bi í àti ẹni tí kò bi í pé ẹ ò rí i, ọwọ́ aṣebi ti kúrò nínú omi.

Ọjọ́ Àìkú kan lẹ́yìn ìyẹn, nǹkan kan fa okùn rẹ̀ débi pé ó ṣubú lórí ríìmù. Ó fà á, ẹja náà fà á. Nígbà tó jàjà gbé e sórí ilẹ̀, àrọ̀ ni, ó gùn bí apá. Yẹ̀kínì he òkúta kan. Ó fọ́ ọ lórí, ó ya inú rẹ̀: ọmọ ẹpìyà ló kún ibẹ̀ fọ́fọ́. Ó ti la ẹnu láti bú u kí ojú rẹ̀ tó lọ síbi ìrù.

Wọ́n ti gé ìrù náà lẹ́ẹ̀mejì.

Ojú gígé náà ti jinná, ó ti pẹ́. Yẹ̀kínì fi àtàǹpàkò pa á. Gbogbo àrọ̀ tí Tonbra pa níbí, ìkòkò Ese ni wọ́n jọ parí sí. Òun fúnra rẹ̀ ló sì kéde pé kò ku ẹyọ kan nínú omi. Èyí ti ibòmíràn wá. Snake Island ni ẹnì kan ti pa á, tó fi àṣà ọwọ́ rẹ̀ gé e nírù, tó gbé e sínú korobá láàyè, tó wọ ọkọ̀ ojú omi, tó rù ú la Ajégúnlẹ̀ kọjá, nítorí kí ẹja ọ̀rẹ́ rẹ̀ lè tóbi.

Yẹ̀kínì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó rántí ilé bàbá rẹ̀ ní Ìsẹ́yìn, àwọn ọmọ mẹ́tàdínlógún nídìí àwo ẹ̀bà kan, tí kò sí ẹni tó sanra nínú wọn. Ó ti kó àwọn àrọ̀ tó ń dín ọmọ kù kúrò nídìí àwo, ó sì ń retí kí gbogbo wọn yó. Fún ìgbà àkọ́kọ́ létí omi yẹn, ó dákẹ́.

Ó gbé ẹja náà sínú abọ́, ó gbé e lọ bá Bàbá Fáṣínà, ó dọ̀bálẹ̀, ó sì rò ó láìfi nǹkan kan pamọ́. Bàbá yẹ ìrù ẹja náà wò.

"Tonbra lè padà," ni Bàbá wí. "Ìwọ tó o fi ẹnu lé e lọ, bó ṣe pẹ́ tó fún un náà ni yóò ṣe pẹ́ tó fún ọ. Gbé ríìmù rẹ."

"Bàbá, ọdún yìí gan-an! Ọdún tí wọ́n sanra yìí!"

"Ọdún yìí gan-an."

Ó wọ ọkọ̀ lọ sí Snake Island. Tonbra ń kan pákó mọ́ ọkọ̀ lọ́wọ́, kò dáwọ́ dúró. Yẹ̀kínì bẹ̀ ẹ́ ní Yorùbá, ó bẹ̀ ẹ́ ní Píjìn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fi Lárúbáwá kún un. Nígbà tó parí, Tonbra bi í léèrè ìbéèrè kan.

"Èyí tó o pa, ó tóbi?"

"Ó gùn bí apá mi."

"Na the mama be that," ni Tonbra wí. Ó kan ìṣó mìíràn.

Ọdún náà ni ọdún tí ẹpìyà sanra jù ní Adágún Fáṣínà, ọdún náà sì ni Yẹ̀kínì ń lẹ táyà ní ọjọ́ Àìkú. Àwọn dírẹ́bà rò pé ó ń ṣàìsàn. Lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, Tonbra á gba iwájú ìsọ̀ rẹ̀ kọjá pẹ̀lú ẹja lọ́wọ́, kò ní kí i, kò ní wò ó. Yẹ̀kínì á wo ẹja náà títí á fi pòórá lẹ́yìn tirela, ọkàn rẹ̀ á sì gbọgbẹ́ tuntun. Kì í ṣe nítorí ẹja.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú kan, Tonbra ò kọjá. Ó dúró. Ó gbé ẹpìyà ńlá mẹ́ta tí wọ́n ta mọ́ okùn sórí ẹ̀rọ tí Yẹ̀kínì fi ń fẹ́ atẹ́gùn sí táyà, ó yí padà, ó sì ń bá tirẹ̀ lọ.

Yẹ̀kínì gbé ẹja náà sókè. Ó yẹ ìrù wọn wò, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n gé ìrù ìkọ̀ọ̀kan wọn, àmì Yẹ̀kínì.

Àmínát tó gbé oúnjẹ wá fún un ní ìsọ̀ wò ó, ó retí kó sọ nǹkan kan. Ọkùnrin tí ẹnu rẹ̀ ò dákẹ́ rí ní Liverpool Road, ẹja ló gbé mọ́ àyà, ó ń sunkún láàárín àwọn táyà.