Ìbọn Alhaji Mùtàlíbù àti Ìbéèrè Tí Wọn Ò Bi Í

Kò sí ohun tó ń rẹ èèyàn tó kó máa ṣàlàyé fún ẹlòmíì pé orí òun pé. Bó bá pariwo, wọ́n á ní ẹ ò rí i bí? Bó bá dákẹ́, wọ́n á ní ẹ wò bó ṣe dákẹ́. Ohun tójú Alhaji Mùtàlíbù rí ní Dublin nìyẹn, fún oṣù méje gbáko, torí ìbọn kan ṣoṣo tó fi ń lé ẹyẹ lóko.

Bàbá yẹn kì í ṣe jàǹdùkú o. Láti nǹkan bí ọdún 2000 tó ti wá tọrọ ààbò níbẹ̀, ó ti gbá ilẹ̀ ọsibítù, ó ti wa takisí, ó sì ti tọ́ Ikram ọmọ ẹ̀ títí ìyẹn fi di nọ́ọ̀sì ní Tallaght. Ìgbà tó fẹ̀yìn tì ló bẹ̀rẹ̀ sí í bá Jeremiah, òyìnbó àgbẹ̀ kan tó ń gbin kábéèjì ní Lusk, yìnbọn sí àwọn ẹyẹlé igbó tó ń jẹ oko ẹ̀ run. Àárọ̀ mẹ́ta lọ́sẹ̀. Ọmọ ọdẹ Ìgbòho ni, bàbá ẹ̀ ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń di ìbọn mú. Ó gba láísẹ́nsì, ó ra àpótí irin tó ń tì í mọ́ ní fúláàtì ẹ̀ ní Phibsborough.

"Muta," Jeremiah á ní, "àwọn ẹyẹ yìí bẹ̀rù ẹ ju bí mo ṣe bẹ̀rù ìyàwó mi lọ."

Inú Alhaji á dùn títí dọjọ́ kejì.

Orúnkún ló gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà. Dókítà tuntun ni, ọmọge kan báyìí. Ó wo orúnkún tán, ó wá bi í bó ṣe ń rí ọjọ́ iwájú sí, bóyá ó ní ètò kankan. Alhaji rẹ́rìn-ín. Àgbà Mùsùlùmí wo lẹ máa bi nírú ìyẹn tí kò ní yangàn? Ó ní òun ti múra tán. Aṣọ ìsìnkú òun wà nílé, Mẹ́kà lòun ti rà á, omi Zamzam lòun fi fọ̀ ọ́. Òun ti gba ilẹ̀ sàréè. Òun ti sọ ẹni tó máa wẹ òkú òun. Ìgbàkígbà tí Ọlọ́run bá pè, òun á jẹ́.

Nílé wa, wọ́n á ní àgbà tó gbọ́n nìyí. Dókítà ń kọ ọ́ sílẹ̀ ní tiẹ̀. Ó béèrè bóyá ìbọn wà nílé. Alhaji ní ó wà, ó sì mọ́ tónítóní.

Ọjọ́ kejì, kó tó di ọ̀sán, ọlọ́pàá méjì ti dé. Wọ́n kí i dáadáa, wọ́n gbé ìbọn, wọ́n fún un ní lẹ́tà pé dókítà ti kọ̀wé sí àwọn, ọ̀gá àwọn sì ti gba láísẹ́nsì ẹ̀. Bí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, kó lọ kóòtù láàárín ọgbọ̀n ọjọ́. Ẹnì kankan ò ní, bàbá, kí lẹ ní lọ́kàn gan-an?

"Ikram, ìwọ náà rò pé mo fẹ́ para mi?"

"Rárá o, Daddy. Dókítà ò mọ̀ yín ni. Wọ́n gbé ọkùnrin kan wá sí wọ́ọ̀dù wa lọ́dún tó kọjá. Ìyàwó ẹ̀ ti bẹ gbogbo ayé kí wọ́n gba ìbọn lọ́wọ́ ẹ̀. Wọ́n ní kò tíì ṣe nǹkan kan. Èmi ni mo fi aṣọ bo ojú ẹ̀."



"Mi ò ní kí wọ́n má gbé e. Kí wọ́n gbé e lónìí, kí wọ́n bi mí lọ́la. Wọ́n gbé e tán, wọ́n wá lọ sùn."

"Ó yẹ kí wọ́n bi yín. That's only fair."

"Fair wo? Ṣé wọ́n ń tà á lọ́jà Moore Street ni?"

Ibi tó ń dun èmi náà nìyẹn. Ọwọ́ tó yá báyẹn láti gbà, kí ló dé tó rọ nígbà tó kan dídá padà? Ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n dé kóòtù, ìwé dókítà ò tíì dé. Ìgbà kejì, lọ́yà ìjọba ní ẹjọ́ míì. Ìgbà kẹta, ara adájọ́ ò yá. Gbogbo ìgbà ni Alhaji ń fi áyọ́ọ̀nù lọ fìlà ẹ̀, tó ń jókòó síwájú, tí wọ́n á ní kó máa lọ sílé.

Ìgbà kẹrin ni adájọ́ tó bi í nípa aṣọ ìsìnkú yẹn. Ó ṣàlàyé. Adájọ́bìnrin náà yọ dígí ojú ẹ̀.

"Ìyá tèmi ti yan orin tí a máa kọ lọ́jọ́ ìsìnkú ẹ̀," ó ní. "Ó ń yí i padà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni."

Ó dá Alhaji láre. Ìṣẹ́jú mọ́kànlá ni gbogbo ẹ̀ gbà. Oṣù méje, torí ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú mọ́kànlá.

Alhaji àti Ikram dé àgọ́ ọlọ́pàá láti gbé ìbọn, ọ̀dọ́mọkùnrin ọlọ́pàá tó wà níbẹ̀ ní ó ku ìwé kan: kí olóko kọ ọ́ pé òun ṣì gbà á láyè. Alhaji pe Jeremiah lórí fóònù. 

"Muta, mo ti ra ẹ̀rọ kan tó ń dún gbì, gbì láti fi lé ẹyẹ. Kò dára tó ẹ. Àwọn onínṣọ́ránsì ló ní bí wọ́n bá ti gba láísẹ́nsì lọ́wọ́ èèyàn rí, àwọn ò fẹ́ ẹ lóko mi."

"Wọ́n ti dá mi láre."

"Mo sọ fún wọn. Ibi tí wọ́n ti gbà á lọ́wọ́ ẹ nìkan ni wọ́n ń kà."

"Kò burú. It's grand, Jeremiah. Bá mi kí ìyàwó."

Ó gbé fóònù kalẹ̀. Ikram ní àwọn lè wá oko míì. Alhaji wo ojú ọmọ ẹ̀, ó mi orí. Ó bi ọlọ́pàá ohun tí wọ́n ń ṣe sí ìbọn tí kò ní oko. Ìyẹn ní ó lè fún àwọn tó ń ta ìbọn láṣẹ kí wọ́n bá a tà á. Ó fa fọ́ọ̀mù kan jáde, ó ti bírò sí i.

Alhaji mú bírò. Ó ní kí ọmọ náà fi ibi tí wọ́n ń fọwọ́ sí han òun.