Ilẹ̀ Àárín Odò tí A Kì í Gbin Igi Sí

Ìyàwó tuntun ni mí, tíṣà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wá sí Fìdítì, nígbà tí ìyá ọkọ mi kọ́kọ́ mú mi rékọjá sí erékùṣù kan láàárín odò, níbi tó ti ń dáko. Ẹ̀ẹ̀rùn ni, omi kò ju orúnkún lọ. Mo ká aṣọ sókè, mo ń ṣojo. Ìyá ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀: "Tíṣà, omi yìí kì í jẹ èèyàn o."

Àwọn àgbà ní igi ńlá kan ló wó dábùú odò láyé àtijọ́, tí iyanrìn àti ẹrẹ̀ ń gbá jọ sí i lára títí ó fi di ilẹ̀. Mo gbà wọ́n gbọ́. Ilẹ̀ náà dúdú, ó rọ̀. Èèsún yí i ká, àwọn ẹyẹ ẹ̀gà sì ń pariwo lórí rẹ̀ bí ọmọ iléèwé tí tíṣà wọn kò sí ní kíláàsì. Bí a bá ń kọ ebè, ọkọ́ máa ń kan àpáàdì. Ta ló dáná níbẹ̀ kí wọ́n tó bí àwọn baba wa? Ẹnikẹ́ni ò mọ̀.

Èyí tó wù mí jù ni bí wọ́n ṣe ń pín in. Lọ́dọọdún, omi òjò á bu ibì kan lọ, á kó ilẹ̀ tuntun wá síbòmíràn. Nítorí náà, bí omi bá ti fà, gbogbo àwọn tó ń dáko níbẹ̀, láti Fìdítì dé Ìlọrá, á pàdé, wọn á tún un pín. Ẹni tí omi gba tirẹ̀ ló máa kọ́kọ́ mú ibi tó bá wù ú, ìbáà jẹ́ ibi tí ẹlòmíràn ti ń ro bọ̀. Èèwọ̀ kan ṣoṣo ló wà: a kì í gbin igi síbẹ̀. Ẹ̀fọ́, ilá, àgbàdo, ohun tó máa tán kí omi tó kún, ìyẹn nìkan.

Ọkọ mi, tó ń ṣiṣẹ́ ọba ní Jọ́bẹ̀lẹ̀, mọ èèwọ̀ yìí, ó kàn kà á sí ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni. Ó ní ìyá òun ti ń dàgbà, igi ọsàn ló yẹ ẹ́, kó yé bẹ̀rẹ̀ mọ́. Ọmọ Fìdítì, ìlú ọlọ́sàn, ni; ọsàn ló fi ń dáhùn gbogbo ìṣòro. Ó gbìn ín sí oko ìyá rẹ̀. Kíá ni àwọn tó ń dáko níbẹ̀ ránṣẹ́: kí Ìyá hú u, àbí kó gbàgbé ìpín rẹ̀. Oko yẹn nìkan sì ni Ìyá fi ń jẹun láìtọrọ lọ́wọ́ ọmọ. Ọkọ mi fárígá pé kò sẹ́ni tó máa hú u. Ìyá hú u fúnra rẹ̀, ó rù ú wálé.

"Ẹ̀bùn rẹ dára, ọmọ mi," ó ní. "Ṣùgbọ́n tí igi mi bá dúró síbẹ̀, ẹni tí omi bá gba tirẹ̀, ibo ló máa mú?"

Ọkọ mi bínú títí. Èmi ní tèmi, ìfẹ́ obìnrin náà kún inú mi.

Lẹ́yìn òjò ọdún tó tẹ̀ lé e, oko Ìyá bá omi lọ pátápátá.  Lọ́jọ́ ìpín, ibi tó dára jù wà lọ́wọ́ bàbá arúgbó kan, Mùsùlùmí ará Ìlọrá. Òun gan-an ló kọ́kọ́ bá Ìyá sọ̀rọ̀: "Ìyàwó wa, ó yá, mú tìẹ." Ìyá ò tijú, oko bàbá náà gan-an ló nawọ́ sí. "Bísímílàhí," ni bàbá wí. Ó rẹ́rìn-ín, ó gbé ọkọ́ rẹ̀ kúrò níbẹ̀, ó kọjá sí ibi tó jẹ́ kìkì iyanrìn.

Ọkọ mi, tó bá wa wá lọ́jọ́ náà, ń wo gbogbo rẹ̀. Ó bọ́ ẹ̀wù ọrùn rẹ̀, ó gba ọkọ́ lọ́wọ́ mi. Kó tó fọwọ́ kan ilẹ̀ ìyá rẹ̀, ó kọ́kọ́ lọ bá bàbá náà ro tirẹ̀ tán.