Afárá Orí Ilẹ̀ Gbígbẹ

Kí wọ́n tó fi sìmẹ́ńtì kọ́ afárá sí abúlé wa ní ìsàlẹ̀ odò Mekong, ọparun kan ṣoṣo la fi ń sọdá lọ sọ́jà, pẹ̀lú ọparun tín-ín-rín mìíràn tí à ń fọwọ́ dì mú. Ìyá Nhạn ló sanra jù nínú gbogbo wa. Yóò fi ọ̀pá kọ́ agbọ̀n méjì sí èjìká, yóò sì gun ọparun láìwọ bàtà. Ọparun á tẹ̀ bí ọrun ọdẹ, àwa tá a wà létí odò á sì di ara wa mú. Kò jábọ́ rí. Bàbá Khởi, aládùúgbò rẹ̀ tó rí tín-ín-rín bí ẹyọ ìgbálẹ̀, máa ń ní ọparun náà ló ń bẹ̀rù rẹ̀.

Nígbà tí afárá sìmẹ́ńtì dé, Thuấn, ọmọ Ìyá Nhạn, ra alùpùpù, ó ní ìyá òun kò ní fẹsẹ̀ rìn mọ́ láyé. Bí ìyá bá ń lọ sọ́jà, alùpùpù ni. Bó bá ń bọ̀ wá kí mi, èmi tí ògiri ilé wa fara kanra, alùpùpù náà ni.

Ọdún kò tíì yípo tí Ìyá Nhạn fi ṣubú lórí afárá tuntun, èyí tó fẹ̀ débi pé ẹfọ̀n méjì lè pàdé níbẹ̀ kí wọ́n kíra. Kò sí òjò, kò sí ẹrẹ̀. Ó kàn ní kóun tún akẹtẹ̀ òun dé ni. Dókítà ní ó sanra jù, kó dín ìrẹsì kù. Ó dín in kù tọkàntọkàn, ó ń wo abọ́ Thuấn bí ẹni ń wo ọkọ tó lọ fẹ́ ìyàwó mìíràn. Ó rù, aṣọ rẹ̀ ń fẹ́ lẹ́lẹ́. Síbẹ̀ ó tún ṣubú ní ilé ìdáná. Ó tún ṣubú níbi ìsìnkú, sórí opó tó ń sunkún. Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ni Bàbá Khởi jábọ́ láti orí bẹ́ǹṣì. Ìyá Nhạn lọ kí i.

“Khởi, wọ́n ní ọ̀rá ló ń gbé mi ṣubú. Ìwọ ńkọ́?”

“Atẹ́gùn ni.”

“Irọ́ lò ń pa. Ẹsẹ̀ wa ò níṣẹ́ mọ́ ni.”

Lọ́jọ́ kejì, ó ní kí Thuấn fi ọparun ṣe afárá sí ẹ̀yìnkùlé, láàárín igi àgbọn méjì. Thuấn bi í pé omi dà. Ó ní òun ò béèrè omi. Ọmọ ní àwọn èèyàn á sọ pé orí rẹ̀ ti yí, ṣùgbọ́n ìyá ti mú àdá. Wọ́n gbé ọparun náà sókè ní ìwọ̀n orúnkún, pẹ́pẹ́yẹ ń kọjá lábẹ́ rẹ̀.

Láràárọ̀ ni ìyá ń gbọ̀n sọdá. Bàbá Khởi wá fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ó gun ọparun, ó jábọ́ sórí koríko, ó sì ní omi ń gbé òun lọ. Ìyá Nhạn ju okùn sí i. Ó dì í mú, a sì fà á jáde.

Kò pẹ́ tí gbogbo arúgbó abúlé fi ń tò síbẹ̀. Wọ́n ń jà lórí ẹni tó kọ́kọ́ dé. Àwọn kan ní kí wọ́n jẹ́ káwọn ṣáájú nítorí ọjà tó wà lódì kejì, bẹ́ẹ̀ ilé adìyẹ Thuấn ló wà níbẹ̀. Obìnrin kan bá tẹ́ ẹní sẹ́gbẹ̀ẹ́ adìyẹ, ó ń ta kọfí. Ni ọjà bá wà lóòótọ́.

Òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ kan gbọ́ pé a kọ́ afárá láìgba àṣẹ. Ó dé, ó yẹ ìdí afárá lápá kan wò, ó sì fẹ́ rìn yí lọ wo ìdí kejì.

“Má gba inú omi kọjá, ọmọ mi,” ni Ìyá Nhạn wí. “Ṣòkòtò ẹ á tutù.”

“Ìyá, kò mà sómi níbí.”

“Gbogbo àwọn tó tò yìí ńkọ́? Ṣé wèrè ni wọ́n?”

Ó wo àwọn àgbà yẹn títí. Ó bọ́ bàtà, ó gbé e dání, ó sì tò sẹ́yìn. Nígbà tó sọdá tán, aṣọ rẹ̀ ti rin fún òógùn. Ó ní afárá lè wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kí ọmọdé kankan má lúwẹ̀ẹ́ lábẹ́ rẹ̀.

Ìyá Nhạn ti padà sídìí ìrẹsì, kì í kàn ṣe abọ́ kíkún mọ́. Ó ṣubú lẹ́ẹ̀kan lọ́dún tó kọjá, ṣùgbọ́n ó tètè di igi mú, ó sì dìde fúnra rẹ̀. Lánàá, àwa méjèèjì jọ fẹsẹ̀ rìn lọ sọ́jà. Ó ní mò ń wọ́ bí ìgbín. Mo ní kó máa lọ, ó sì lọ lóòótọ́.