Ilẹ̀kùn Ọkọ̀ Tó Ní Àwọ̀ Méjì

Ọdún kọkàndínlógún rèé tí ọkùnrin náà ti ń po ọ̀dà ọkọ̀. Bí ọkọ̀ bá fara gbá, tí wọ́n bá lu ibi tó tẹ̀ títí tó fi dọ́gba, òun ni yóò po ọ̀dà tí yóò bá ara ọkọ̀ yòókù mu, kí ẹnikẹ́ni má mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀ rí. Kì í wo ìwé, kì í lo ẹ̀rọ. Yóò ṣíjú wo ọkọ̀, yóò ta dúdú díẹ̀ sí i, yóò kán pupa sí i lẹ́ẹ̀kan, ó parí. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi sọ ọ́ ní Ojú-ò-purọ́. Wọ́n ní oríṣi funfun tó mọ̀ yàtọ̀ síra lé ní ọgọ́rùn-ún. Kò sẹ́ni tó kà á.

Lọ́jọ́ Ajé kan, ìyá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà wa ọkọ̀ aláwọ̀ eérú rẹ̀ padà wá. Ilẹ̀kùn iwájú tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn fún un ti fẹ́ jọ àwọ̀ ewé.

“Aláwọ̀ kan ni mo gbé wá,” ni Màmá Tíṣà wí, “aláwọ̀ méjì lẹ fún mi gbé lọ.”

Ojú-ò-purọ́ lọ wò ó nínú oòrùn. Òótọ́ ni. Bẹ́ẹ̀ òun fúnra rẹ̀ ló fi ọ̀dà náà wé ara ọkọ̀ lọ́jọ́sí, tí àwọn méjèèjì jọra bí ìbejì. Ọ̀gá rẹ̀ ní kó tún un ṣe kó tó di ọjọ́ Ẹtì. Bí kò bá bára mu, kó fi ọ̀dà sílẹ̀, kó lọ máa ha irin tó dógùn-ún.

Ohun tó bà á lẹ́rù ju ìhàlẹ̀ ọ̀gá lọ. Ìyá rẹ̀ fọ́jú kó tó kú, báyìí ló sì ṣe bẹ̀rẹ̀: ó ní àwọn aṣọ òun ti ń jọra wọn jù.

Láti ọjọ́ náà, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Bó bá jí, ojú kan ni yóò kọ́kọ́ là, yóò fi wo kọ́tìnnì, yóò pa á dé, yóò la èkejì. Ó to àwọn abọ́ ìyàwó rẹ̀ láti orí èyí tó mọ́ jù dé èyí tó ṣú jù, ó tú wọn ká, ó tún wọn tò. Ó ń dúró lẹ́bàá títì, ó ń pe àwọ̀ ọkọ̀ tó ń kọjá bí ọmọ tó ń ka ábídí. Ìyàwó rẹ̀ bi í bóyá ó ń wá nǹkan. Ó ní rárá.

Lọ́jọ́rú, ó yọ́ lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì tó ń yẹ ojú wò. Nọ́ọ̀sì fi ìwé tó kún fún àmì tótòtó hàn án, ó tan iná sí i lójú, ó ní ojú rẹ̀ dá ṣáṣá. Ojú-ò-purọ́ ní kí wọ́n tún un wò.

“Bàbá, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti wò ó,” ni nọ́ọ̀sì wí. “Ohun tí ìmọ́lẹ̀ bá kó fún ojú ló ń gbé wọlé. Ọpọlọ ló ń sọ pé àwọ̀ báyìí ni, ìkánjú ọpọlọ sì pọ̀.”

Ó rò pé ṣe ni obìnrin náà ń tu òun nínú.

Nírọ̀lẹ́, ó tẹ̀lé ìyàwó rẹ̀ lọ ra aṣọ tí wọ́n fẹ́ fi bo àga. Ìyàwó mú ọ̀kan, ó gbé e jáde kúrò nínú ṣọ́ọ̀bù, ó tẹ́ ẹ lé apá, ó wò ó, ó dá a padà, ó tún gbé òmíràn jáde. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, ó sú ọkọ rẹ̀.

“Kí lo ń gbé e sá kiri fún?”

“Olówó orí mi, iná inú ṣọ́ọ̀bù ti rẹ́ mi jẹ rí. Ẹ̀ẹ̀melòó ni mo ti ra aláwọ̀ aró tó di dúdú kí n tó délé?”

Ojú-ò-purọ́ dúró gbagidi. Láti ìgbà tó ti kọ́ṣẹ́, abẹ́ òrùlé ìta ni tábìlì rẹ̀ ń wà. Oṣù tó kọjá ni ọ̀gá ní eruku pọ̀ jù níta, tó gbé tábìlì wọlé, tó sì so gílóòbù tuntun gbọọrọ méjì sókè rẹ̀. Iná náà funfun báláú débi pé kò sẹ́ni tó rò ó pé ó lè yàtọ̀ sí ojúmọmọ.

Ní kùtù ọjọ́ kejì, ó tú ìdérí ẹnu táǹkì epo lára ọkọ̀ Màmá Tíṣà, ó fi àṣẹ́kù ọ̀dà tó lò sí ilẹ̀kùn lọ́jọ́sí kun ìdérí agolo kan, ó kó méjèèjì dání. Lábẹ́ gílóòbù, ìbejì ni wọ́n. Nínú oòrùn, wọn ò bára tan rárá. Ó wọlé, ó jáde, ó wọlé, ó jáde, títí ẹni tó ń lu irin fi béèrè bóyá inú ló ń run ún. Ó gbé agolo rẹ̀ síta, ó po òmíràn nínú oòrùn, ó sì tún ilẹ̀kùn kùn.

Lọ́jọ́ Ẹtì, ọ̀gá wo ilẹ̀kùn lábẹ́ iná, ó mi orí. Àwọ̀ tuntun náà ti fẹ́ pọ́n. Ojú-ò-purọ́ náà rí i pé ó ń pọ́n.

“Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká gbé e síta.”

“Ṣé o fẹ́ sọ pé èmi ni mi ò ríran?”

“Ohun tí ẹ rí ni èmi náà rí, sà. Ẹ ṣáà jáde.”

Ọ̀gá ò mira. Màmá Tíṣà, tó jókòó sórí bẹ́ńṣì lẹ́nu ọ̀nà, ló dá sí i. “Ẹ gbé e jáde fún mi. Ṣé inú ṣọ́ọ̀bù yín ni mo ti ń wakọ̀ ni?”

Wọ́n tì í síta. Bí oòrùn ṣe bà á, ilẹ̀kùn àti ara ọkọ̀ di ọ̀kan. Màmá rọra fi àtẹ́lẹwọ́ ra á, ó wá ibi tí wọ́n ti pààlà, kò rí i, ó wọkọ̀, ó lọ. Ọ̀gá ní kí wọ́n gbé tábìlì padà síta.

Ó yẹ kí ọkàn Ojú-ò-purọ́ balẹ̀. Ojú rẹ̀ ò fọ́, iṣẹ́ rẹ̀ ò bọ́. Ṣùgbọ́n kó tó gbé tábìlì, ó dúró lábẹ́ gílóòbù, ó tẹ́ ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, ó wo àwọ̀ tó ti mọ̀ láti kékeré. Ó rìn dé ẹnu ọ̀nà, ó tún wò wọ́n nínú oòrùn, àwọ̀ mìíràn ló rí. Lẹ́yìn náà, ó padà wọlé lọ wò wọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i.