Ó-tó-wa àti Ẹni Kọkànlá

Ọjọ́ tí rẹfirí fún ọmọlangidi ní káàdì ni òkìkí Ó-tó-wa kàn.

Káfíńtà ni Ó-tó-wa olóògbé, òun náà sì ni akọ́nimọ̀ọ́gbá ẹgbẹ́ họ́kì àdúgbò, ẹgbẹ́ tó jẹ́ pé bí òtútù bá mú ẹni méjì, ara gbogbo wọn ni kò yá. Lọ́jọ́ tí à ń wí yìí, ẹni mọ́kànlá tó yẹ kó wọ pápá pé lóòótọ́, àmọ́ bẹ́ǹṣì àwọn arọ́pò ṣófo. Ẹgbẹ́ tí wọ́n fẹ́ bá gbá sì kó èèyàn wá bí ẹni tó ń kó ilé. Ó-tó-wa wò wọ́n, ó wo bẹ́ǹṣì tirẹ̀, ó ní kí wọ́n dúró de òun díẹ̀. Òdìkejì títì ni ìyàwó rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́ télọ̀. Ó sáré lọ síbẹ̀, ó kó àwọn ọmọlangidi tí obìnrin náà ń gbé aṣọ kọ́ sínú kẹ̀kẹ́ ẹrù, ó wọ jẹ́sì fún wọn, ó dé wọn ní fìlà, ó sì tò wọ́n sórí bẹ́ǹṣì. Wọn ò ní ẹsẹ̀, nítorí náà ó ta táwẹ̀lì bo itan tí wọn ò ní.

Ó kù díẹ̀ kí wọ́n lọ sinmi nígbà tí ẹnìkan nínú àwọn òǹwòran tó wà lẹ́yìn bẹ́ǹṣì bú rẹfirí. Rẹfirí yíjú padà, ó fi ìbínú rìn wá.

"Ta ló bú mi níbí?"

Ọmọlangidi kankan ò fèsì.

"Ìwọ tó jókòó sí etí yìí, ìwọ ni mò ń bá sọ̀rọ̀. O tún ń wò mí lójú?"

Èyí tó jókòó sí etí ń wò ó lójú lóòótọ́, torí kò ní ìpéǹpéjú. Rẹfirí bá fa káàdì yọ, ó ní ti àfojúdi ni. Ẹlòmíràn ì bá jẹ́wọ́ níbẹ̀. Ó-tó-wa dìde, ó fi orúnkún kan kúnlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀.

"Ẹ forí jì í, sà. Láti ọjọ́ tó ti wà lọ́dọ̀ wa, kò gbó ẹnikẹ́ni lẹ́nu rí."

"Kí ló dé tí kò dá mi lóhùn?"

"Ẹ̀rù yín ló ń bà á, sà. Ẹ ò rí i bí ara rẹ̀ ṣe gan?"

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé rèé tí ìyàwó rẹ̀ fi já wọ inú pápá, abẹ́rẹ́ ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó ṣí fìlà lórí ẹni tó gba káàdì, ó gbé e sí abíyá, ó sì kọjá lọ torí oníbàárà ń dúró. Rẹfirí ya ẹnu, kò lè pa á dé. Ó-tó-wa mi orí, ó ní, "Ẹ rí i báyìí, sà? Ẹ ti lé ẹni tó níwà jù nínú wọn lọ."

Orúkọ tó ń jẹ́ yẹn, ẹnu ara rẹ̀ ló fi fà á. Ohunkóhun tí ẹ bá sọ fún un pé kò tó, èsì kan náà ni: ó tó wa. Bí bọ́ọ̀lù bá jò, ó tó wọn. Bí omi bá ku ìdajì kórobá, ó tó wọn. Kò ra ọ̀pá họ́kì tuntun rí láyé rẹ̀. Èyí tó bá ṣẹ́, á fi gúlù àti ìṣó tò ó. Ọ̀pá kan wà tó tò títí tó fi wúwo bí òpó ibùsùn, ẹni tó bá sì fi gbá bọ́ọ̀lù lọ́sàn-án kì í lè gbé ṣíbí sẹ́nu lálẹ́.

Ọ̀rọ̀ wá le ní ọdún kan. Nígbà tí sáà ìdíje parí, orúnkún ní kí àwọn kan lọ jókòó, iṣẹ́ gbé àwọn mìíràn lọ sí ìlú òkèèrè. Àwọn tó kù ò ju méje lọ. Olórí wọn ni bábà àdúgbò tó ń fá irun wa, tó jẹ́ aṣọ́lé lẹ́nu gólì, tó sì ti ń bẹ̀bẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ pé kí wọ́n jẹ́ kí òun náà lọ iwájú lọ gbá bọ́ọ̀lù wọlé. Ní àwọn ẹgbẹ́ mìíràn, ariwo ń lọ. Lójoojúmọ́ ni rédíò ń sọ ẹni tuntun tí wọ́n gbà. Ní ti Ó-tó-wa, kò sí ohun tí èèyàn ń gbọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ ju ayùn àti òòlù lọ.

Akọ̀wé líìgì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù káfíńtà. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, àmọ́ òfin ló ń jẹ, òun ló ń mu.

"Bàbá, ẹ mọ̀ pé lọ́jọ́ ìforúkọsílẹ̀, ẹni mọ́kànlá gbọ́dọ̀ wá dúró níwájú mi. Bí wọn ò bá pé, ẹgbẹ́ yín parí nìyẹn. Ìjọba ìbílẹ̀ sì ti ń wo pápá yẹn. Ibùdó ọkọ̀ ni wọ́n fẹ́ fi ṣe."

"Àtúnkọ́ là ń ṣe," ni Ó-tó-wa wí. "Ṣé ẹni tó ń tún ilé kọ́ kì í kọ́kọ́ wó ògiri ni?"

"Ẹ ti wó ògiri o, ẹ tún wó òrùlé. Igi kan kì í dá igbó ṣe, Bàbá."

"Káfíńtà ni mí, Akọ̀wé. Igi kan tó mi láti fi kan àga fún gbogbo ará ilé yín."

Akọ̀wé rẹ́rìn-ín, ó sì lọ. Ṣùgbọ́n ìyàwó Ó-tó-wa rí i pé lẹ́yìn tí àlejò lọ, ọkọ òun mú òòlù lọ́wọ́, kò kan nǹkan kan. Pápá yẹn ló ń wò láti ojú fèrèsé. Ibẹ̀ ló ti gbá bọ́ọ̀lù láti kékeré, ibẹ̀ náà ló sì ti kọ́kọ́ rí obìnrin tó ń bá a gbé yìí. Ẹ̀rù bà á gan-an, kò kàn sọ ọ́ ni.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó wẹ̀, ó wọ ẹ̀wù tó dáa, ó gbọ̀nà ọ́fíìsì ẹgbẹ́ ńlá tó wà ní àárín ìlú lọ. Ó ní kí ọ̀gá wọn fún òun ní ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù wọlé jù, òun á kan tábìlì fún wọn. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi bọ́ lójú wọn. Ó jókòó. Ó ní ó dáa, kí wọ́n fún òun ní ẹni tó ṣìkejì. Nígbà tó ṣú, ó lọ sílé, ilẹ̀ mọ́, ó tún padà. Ó fi àáké kọ́rí lórí àga yẹn tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn àlejò ń kí i bí òṣìṣẹ́ ibẹ̀.

Nígbà tó yá, ó sú ọ̀gá náà. "Bàbá, ẹnìkan ló wà tí a ò mọ ohun tí a lè fi ṣe. Ọwọ́ òsì ló ń lò. Ẹ máa mú un lọ."

"Mo gbà. Ẹ wá fi ènì sí i."

"Ènì kẹ̀? Ènì èèyàn?"

"Ṣé ọjà kan wà tí a ń ná tó báyìí tí kì í ní ènì?"

Kí ó ṣáà lè dìde lórí àga, wọ́n fún un ní ènì: ọ̀dọ́mọkùnrin kúkurú kan tó mọ eré sá, tí kì í sì í wo ibi tó ń sá lọ. Títí di òní olónìí, Ènì ni orúkọ rẹ̀ ní àdúgbò wa. Tábìlì tí Ó-tó-wa kàn fún wọn ṣì wà ní ọ́fíìsì náà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú díẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọlọ́wọ́ òsì ò tán síbẹ̀. Ọ̀pá họ́kì ní ojú kan tó tẹ́jú, ojú yẹn nìkan ni òfin gbà kí a fi gbá bọ́ọ̀lù, gbogbo ọ̀pá ayé ni wọ́n sì ṣe fún ọwọ́ ọ̀tún. Ó-tó-wa gé igi, ó fá a, ó gbẹ́ ọ̀pá ọlọ́wọ́ òsì tó ń dán bíi jígí. Ọ̀pá yẹn ló rẹwà jù nínú gbogbo ohun tó fọwọ́ rẹ̀ ṣe láyé. Rẹfirí wò ó lẹ́ẹ̀kan péré, ó ní òfin kò gbà á.

Ó-tó-wa ronú sí i lọ́jọ́ náà, kò jẹun. Àfi bó ṣe fò dìde. Aṣọ́lé ló lè fi ẹsẹ̀ tàpá sí bọ́ọ̀lù, tó lè fi àyà dí i, tí ọ̀pá ò sì jẹ́ nǹkan bàbàrà fún un. Ó gbé ọlọ́wọ́ òsì sẹ́nu gólì, ó sì ní kí bábà máa lọ iwájú. Bábà sunkún ayọ̀ síbẹ̀, ó sì fá irun gbogbo ẹgbẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́jọ́ náà.

Ẹni kẹwàá ni ọkùnrin kan tó gbé iṣẹ́ ibùsùn fún Ó-tó-wa. Ibùsùn ti parí, ó ti ń dán, ṣùgbọ́n wọn ò gbé e fún un. "Ẹ wá forúkọ sílẹ̀ ná," ni Ó-tó-wa ń wí, "ẹni tó ń gbá họ́kì ló máa ń sùn dáadáa." Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni ọkùnrin náà ń sùn títí tó fi gbà.

Ọjọ́ ìforúkọsílẹ̀ wá pé, ẹni kọkànlá ò sí. Akọ̀wé kà wọ́n, ó tún wọn kà, ó mí kanlẹ̀. Ó-tó-wa bá bọ́ ẹ̀wù òkè, àṣé jẹ́sì ló wọ̀ sábẹ́.

"Bàbá wọn," ni ìyàwó rẹ̀ wí láti ẹnu ọ̀nà, "orúnkún yín ńkọ́?"

"Méjì ni mo ní. Ó tó wa."

Wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Àgbà arúgbó náà gbá họ́kì ní gbogbo sáà yẹn, bí ìdúró bá ń jẹ́ gbígbá. Lọ́jọ́ kan, ó ń sinmi lé ọ̀pá rẹ̀ níwájú gólì àwọn ẹlòmíràn, bọ́ọ̀lù tí bábà gbá ṣàdéédé ba ọ̀pá náà, ló bá wọlé. Ìtàn gólì yìí kò kúrò lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Nígbà àkọ́kọ́, ó ní bọ́ọ̀lù ló wá bá òun. Nígbà tó máa fi di àsìkò òjò, òun ló sá láti ẹnu gólì tiwọn, tó gé gbogbo èèyàn kọjá, àti rẹfirí. Wọn ò gba ife ẹ̀yẹ kankan, àmọ́ wọn kì í ṣe ẹni ìkẹyìn, pápá sì ṣì jẹ́ pápá.

Ìgbà tí eré tún dákẹ́ lọ́dún tó tẹ̀ lé e ni Ó-tó-wa fẹ̀yìn ti àga nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, tí kò sì dìde mọ́. Ó dun gbogbo wa. Àdúgbò dákẹ́ bí ẹni pé wọ́n kó gbogbo òòlù ayé lọ.

Ẹni mẹ́wàá ló ṣẹ́kù. Bábà gba ipò akọ́nimọ̀ọ́gbá, ó sì gbìyànjú, ó bẹ oníbàárà lórí àga ìfárí, ṣùgbọ́n kò ní ẹnu olóògbé. Akọ̀wé wá kí opó, ó bá a kẹ́dùn tọkàntọkàn, ó sì sọ fún un pé òfin ò tíì yí padà. Obìnrin náà ní òun gbọ́. Òun tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ kùn sí họ́kì, oorun ò kùn ún mọ́ nítorí pápá yẹn.

Nígbà tí ọjọ́ ìforúkọsílẹ̀ pé, ó tètè ṣí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù kó lè rí bábà kí wọ́n tó lọ sọ fún Akọ̀wé pé ó parí. Àwọn èèyàn ló bá lójú títì. Wọ́n tò láti ẹnu ilẹ̀kùn rẹ̀ dé ìyànà títì: fọkanáísà, tíṣà, awakọ̀, ẹni tó ti bá ọkọ rẹ̀ jà lórí ilẹ̀kùn tó wọ́, àti bàbá kan tó fi ọ̀pá tilẹ̀.

"Kí lẹ wá ṣe?"

"Ìyá, èmi ni ẹni kọkànlá," ni bàbá tó fi ọ̀pá tilẹ̀ wí.

"Irọ́ ni, Ìyá," ni ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ wí. "Èmi ni mo kọ́kọ́ dé, mo kàn lọ tọ̀ ni."

"Ẹnìkan péré ló kù o," ni bábà ń pariwo láàárín wọn. "Ẹ gbọ́, ẹnìkan péré." Kò sí ẹni tó kúrò lórí ìlà.

Opó bú sẹ́rìn-ín, ó rín in títí tó fi di ẹkún. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Ó nu ojú, ó fa téèpù kúrò lọ́rùn ara rẹ̀, ó ní kí bàbá arúgbó na apá. Ó wọn àyà rẹ̀, ó wọn èjìká rẹ̀, ó ní kí ẹni tó kàn bọ́ síwájú. Ó wọn gbogbo wọn fún jẹ́sì pátá, kò dá ẹnì kankan padà.