Omi Ẹsẹ̀ Ìyàwó àti Gbólóhùn Kan

Tí mo bá ti gbóòórùn ewùrà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rin, èdè Tọ́kì ló máa ń wá sí mi lọ́kàn. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Nídìí ewùrà ìkọ́kọrẹ́ ni mo ti kọ́ Màmá mi lédè náà, nílé wa n'Ìjẹ̀bú-Òde, ní nǹkan bí ọdún 1986.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló lọ kàwé ní Tọ́kì, tó kọ̀wé pé òun ti fẹ́ ọmọ ibẹ̀. Màmá sunkún títí ojú wọn fi wú. Wọ́n ní kí n kọ̀wé padà pé àwọn ò níyàwó lọ́hùn-ún. Èmi tí mo ń kọ́ṣẹ́ tíṣà n'Ìjagun, tí mo rò pé kò sẹ́ni tó mọ̀wé tó mi, mo tún fi ọ̀rọ̀ líle tèmi kún un. Ọdún méjì gbáko la ò gbúròó ẹ̀gbọ́n mi. Nígbà tó kọ̀wé, ó ní àwọn ń bọ̀ wá kí wa, àmọ́ ìyàwó òun ti mọ ohun tó wà nínú lẹ́tà ọjọ́sí, ẹ̀rù sì ń bà á. Ó fi ìwé àkọ́bẹ̀rẹ̀ èdè Tọ́kì kékeré kan sínú lẹ́tà náà.

"Ìwọ lo bá mi kọ lẹ́tà yẹn," Màmá wí. "Wá kọ́ mi léyìí tí màá fi gbà á. Ẹnu tí mo fi kọ̀ ọ́ náà ni màá fi pè é wọlé. N ò fẹ́ ògbufọ̀."

Mo ka ìwé náà, mo wá ṣàlàyé fún wọn nídìí ewùrà tí wọ́n ń rin pé àwọn ará Tọ́kì kì í sọ pé "mo mu omi". "Èmi omi mu" ni tiwọn, ohun téèyàn ṣe ló ń gbẹ̀yìn. Ewùrà bọ́ lọ́wọ́ Màmá.

"Háà! Tí wọ́n bá dárúkọ èmi àti ejò, ṣé màá dúró títí kí n tó mọ ẹni tó pa ẹnì kejì?"

Wọ́n kọ gbogbo ìyókù, wọ́n mú gbólóhùn kan ṣoṣo: Kızım, burası senin evin. Ọmọbìnrin mi, ilé rẹ nìyí. Wọ́n ń sọ ọ́ fún ìkòkò, wọ́n ń sọ ọ́ fún ewúrẹ́.

Lọ́jọ́ tí wọ́n dé, Màmá gbé omi tútù dúró lẹ́nu ọ̀nà, kí wọ́n fi ṣan ẹsẹ̀ ìyàwó kó tó wọlé, bá a ti máa ń ṣe. Ìyàwó sọ̀ kalẹ̀. Màmá lanu, gbólóhùn náà ti pòórá lórí wọn. Wọ́n wò mí. Tíṣà náà ti gbàgbé! Abọ́ fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lọ́wọ́ wọn, omi dà sílẹ̀ níwájú ìyàwó. Ló bá fọwọ́ bojú, ó yí padà sí mọ́tò, ó ń sunkún. A ò mọ̀ nígbà náà pé ẹni tó ń lọ ni wọ́n ń da omi tẹ̀lé lọ́dọ̀ wọn. Ó rò pé a ní kó máa padà lọ ni.

Màmá ju abọ́ nù, wọ́n sáré dì í mú.

"Kızım!" Ohùn Ìjẹ̀bú pọ́nńbélé. "Burası senin evin! Senin evin!"

Ìyàwó dúró. Ó mú ọwọ́ Màmá, ó fẹnu kò ó, ó gbé e lé iwájú orí ara rẹ̀, bí wọ́n ti ń kí àgbà lọ́dọ̀ wọn. Àwọn méjèèjì wá ń sunkún nínú ẹrẹ̀.

Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí. N kò tíì bẹ ìyàwó wa rí nítorí ọ̀rọ̀ líle tí mo fi kún lẹ́tà yẹn, òun náà ò sì bi mí. Lọ́jọ́ tí a gbé Màmá kúrò nílé, òun nìkan ló sáré lọ bu omi, tó dà á tẹ̀lé mọ́tò tó gbé pósí. Mo gba abọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo da èyí tó kù.