Asiyah Ló Ni Apá Rẹ̀

Onídìrí ni Asiyah lẹ́bàá ọjà Àkẹ̀sán, ní ìlú Ọ̀yọ́. Lọ́jọ́ tó ń lọ síbi ìsọmọlórúkọ kan ní Ìkòyí-Ilé, mọ́tò wọn dojú dé. Ẹ̀mí rẹ̀ kò bọ́, ṣùgbọ́n àwọn dókítà gé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ láti ọrùn ọwọ́. Láti ìgbà náà, irun tí àwọn ẹlòmíì ń dì ló ń tà.

Gbádégẹṣin, ọ̀gá àwọn olùwádìí kan tó háyà yàrá ní àdúgbò Under G, ní Ògbómọ̀ṣọ́, tí wọ́n ń wá bí ẹni tí wọ́n gé lọ́wọ́ ṣe máa tún mọ ìfọwọ́kàn, ló ránṣẹ́ pè é. Wọ́n lẹ nǹkan bíi pílásítà mọ́ apá rẹ̀, wọ́n fi wáyà so ó mọ́ ẹ̀rọ kékeré kan. Kò sí abẹ́rẹ́, kò sí abẹ. Ẹ̀yẹolúwa, ọmọbìnrin tó ń bá ọ̀gá náà ṣiṣẹ́, rọra yí bọ́tìnnì kí iná lè ta iṣan apá náà jí.

Asiyah figbe ta. "Àtàǹpàkò mi! Ẹnìkan ń fọwọ́ kan àtàǹpàkò mi!"

Kò sí àtàǹpàkò níbẹ̀. Omi bọ́ lójú rẹ̀.

Ó ń lọ, ó ń bọ̀, títí ọjọ́ tí àwọn àlejò tó fẹ́ fowó ṣe onígbọ̀wọ́ iṣẹ́ náà fi dé. Gbádégẹṣin kò tilẹ̀ kí i. Ó gbá apá rẹ̀ mú, ó gbé e sókè bí ẹni ń pàtẹ ẹran.

"Ẹ wo apá yìí. Ohun tó bá wù mí ni mo lè mú kó mọ̀."

Ló bá yí bọ́tìnnì. Ó jó Asiyah bí ẹni tí wọ́n ki ọwọ́ rẹ̀ bọ epo gbígbóná.

"Ọ̀gá, ẹ rọra, ó ń dùn mí!"

"Ẹ ní sùúrù, màmá, ẹ jẹ́ kí wọ́n rí i dáadáa." Gbádégẹṣin tún fi kún iná náà.

Asiyah já gbogbo wáyà kúrò lára. "Apá nìkan lẹ rí, ẹ ò rí ènìyàn tó ni ín? Mo ní ó ń dùn mí! Ṣé ewúrẹ́ ni mí?"

Àwọn àlejò sorí kọ́. Asiyah fa ìborùn rẹ̀, ó wọ mọ́tò Ọ̀yọ́.

Lọ́sẹ̀ kejì, Ẹ̀yẹolúwa wá kúnlẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. "Ẹ má bínú, mà. Ó yẹ kí n sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà, ẹ̀rù ló bà mí."

"O ṣeun tó o wá. Ọ̀gá rẹ wá dà? Ṣé ẹsẹ̀ tiẹ̀ ni wọ́n gé ni?"

Asiyah na ọwọ́ òsì rẹ̀ sí i.

"Sọ fún un pé bí mo bá máa padà, ọwọ́ òsì mi ni bọ́tìnnì yẹn máa wà. Ẹnikẹ́ni ò ní bá mi yí i mọ́."

Gbádégẹṣin kọ́kọ́ yarí. Nígbà tí àwọn àlejò kọ̀ láti padà wá, ó gba Ọ̀yọ́ lọ, ó dọ̀bálẹ̀. Asiyah gbà, ṣùgbọ́n kò rẹ́rìn-ín sí i.

Ní báyìí, bọ́tìnnì wà lọ́wọ́ òsì rẹ̀, wọ́n sì ti so ẹ̀rọ náà mọ́ ọwọ́ rọ́bà kan tó ń wọ̀ sí ọ̀tún. Bí nǹkan bá kan ìka rọ́bà náà, Asiyah á mọ̀. Kò tíì lè dirí. Irun ṣì ń yọ̀ bọ́ láàárín ìka rọ́bà náà, ìyẹn náà sì ń bí i nínú.